Kẹ̀kẹ́ Wà Nílẹ̀, A Ń Dúró de Mọ́tò

Ní agbo ilé wa ní Fìdítì, ìró kẹ̀kẹ́ la fi ń mọ ibi tí bàbá mi bá dé. Bó bá ti kúrò lórí ọ̀dà, tó yà sí ọ̀nà eruku tó wọ ilé wa, irin tó bo ṣéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í ró gbá-gbá-gbá, nítorí ìdè rẹ̀ kan ti já tipẹ́, okùn ni bàbá mi fi so ó. Ìyá Gbádé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyálé gbogbo obìnrin ilé, á gbójú sókè nídìí ààrò, á ní, "Ìyá Bọ́lá, gbé omi kaná o, Tíṣà ti dé ìdí òronbó." Èmi ni Bọ́lá. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pe bàbá mi, títí kan ìyá tó bí i. Kó tó lu aago kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwa ọmọ ti sáré pàdé rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ di kẹ̀kẹ́ mú ni yóò tì í lọ síbi ògiri tí wọ́n máa ń fi í tì sí. Mo ṣì rántí òórùn rẹ̀: epo tí wọ́n fi ń pa ṣéènì, awọ ìjókòó tó ti mu òógùn, àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nítorí kò sígbà tí bàbá mi bá ti oko dé tí apẹ̀rẹ̀ kan kì í sí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Òun ló ń gbé iṣu bọ̀ láti oko. Òun ló ń gbé àgbàlagbà tára rẹ̀ ò yá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Sátidé, òun ló ń gbé bàbá mi lọ sí Ìlọrà láti kí àwọn àna rẹ̀. Mọ́tò ń kọjá lójú títì tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, àwa ọmọ a sì máa juwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń yà wọ ilé wa.

Àṣà kan wà nílé wa tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, nítorí ó kan kẹ̀kẹ́ náà. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn kan tí yóò máa fi pè é: Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó. Ìyá mi ní ọkọ bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi náà sì ti wà nílé kí ìyá mi tó dé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, tí wọ́n ti fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, Ìyá Gbádé nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà lára ògiri, ó ní, "Ìyàwó, èyí náà ti nílé ṣáájú rẹ o. Kí lo máa pè é?" Ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí lójú, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín dé ibi pé orúkọ náà mọ́ kẹ̀kẹ́ náà lára. Nígbà tí mo gbọ́n, mo máa ń gbọ́ kí ìyá mi máa bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń fi aṣọ nù ún: "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ ti jẹ eruku yó." Ọmọdé ni mí, mo gbà pé kẹ̀kẹ́ náà ń gbọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà tí a gba òmìnira. Ìyá mi ti kọ́ṣẹ́ tíṣà kó tó lọ́kọ, ó sì ti ṣe é fúngbà díẹ̀ ní Ìlọrà níbi tí wọ́n bí i sí. Oyún mi ló dá a dúró, lẹ́yìn náà ti àwọn àbúrò mi. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ń parí lọ lọ́dún náà, pásítọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa yà nílé wa, ó jókòó lórí àga tí wọ́n nù fún un, ó sì sọ pé wọ́n fẹ́ obìnrin kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Akínmọ̀ọ́rìn tí ọdún bá yípo. Ó ní òun rántí ìyá mi. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kó máa débẹ̀ kí wọ́n tó lu agogo àdúrà òwúrọ̀. Ìyá mi gbé omi wá fún un, omi náà sì dà sínú àwo abẹ́ ife. Mi ò tíì rí i kí omi dà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí pásítọ̀ lọ tán, ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ ìwé tó fi ń kọ́ni nígbà kan rí jáde, ó ń gbọ́n eruku rẹ̀ nù sójú fèrèsé. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní, "Mò ń wo ohun tí mo ṣì rántí ni." Mo rí i pé ó rántí púpọ̀, nítorí láti ọjọ́ náà ni orin tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní a-b-d ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń yan gàrí nínú agbada.

Ọ̀nà ni ìṣòro. Mọ́tò tó ń lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn ò ju ti ọjọ́ ọjà lọ, kò sì sí èyí tó ń gbéra ní àárọ̀ kùtù. Kó lọ máa gbé ibẹ̀ ò ṣeé ṣe, àbúrò mi kékeré ò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa. Kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ lójoojúmọ́ á mú kó rẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ fún un, nítorí àwọn kan nínú ẹbí wa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òun ló dínà. A ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ kúkú wà nílẹ̀." Ìyá mi wò ó. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ tèmi ò jìnnà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì wà." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á gbà?" Bàbá mi ní, "Mo máa bá a sọ̀rọ̀."

Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ bàbá mi, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin ni, irin gbọọrọ kan dábùú àárín rẹ̀, obìnrin tó ró ìró ò sì lè gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí irin náà. Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó tú aṣọ òkè àtijọ́ kan, ó fi rán ṣòkòtò fífẹ̀ tó so lọ́rùn ẹsẹ̀, ó sì ń wọ búùbúù lé e lórí. Èmi ni mo máa ń di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, bàbá mi a máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Má wo táyà! Iwájú ni kó o máa wò!" "Iwájú náà ni mò ń wò, òun ni kò wò mí!" Ó ṣubú, ó dìde. Ó ṣubú sínú koríko, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bó, ó fún ewé akíntọ́lá sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́. Ní Sátidé kan báyìí, mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú bí mo ti máa ń ṣe, ó sì yára jù mí lọ. Mo dúró. Ó yí pápá náà po fúnra rẹ̀, búùbúù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, kò mọ̀ pé mi ò dì í mú mọ́. Bàbá mi káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Mo gbọ́ tó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó ti mọ̀ ọ́n." Tí mo bá fẹ́ mọ ojú ìyá mi nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ojú tó gbé bọ̀ wá bá wa lọ́jọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ṣé àwọn ará ilé ò mọ̀? Mo ti bi ara mi léèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn mi ni pé wọ́n mọ̀. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ láti ìdí òronbó, ta ni ò ní í mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ náà àti ìyàwó Tíṣà ló ń jáde pọ̀? Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni ti ṣòkòtò náà. Ìyá mi fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé lábẹ́ ìró kan kí wọ́n má baà rí i, ó sì lọ sódò. Òjò ṣú lójijì. Mo sáré lọ kó aṣọ, mo bá ìyá bàbá mi níbẹ̀. Ìyá Àgbà ni a ń pè é, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé tó bá sọ̀rọ̀ tán nínú ilé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ti ká àwọn ìró lọ́tọ̀. Ó mú ṣòkòtò náà dání, ó nà án síwájú ara rẹ̀, ó wo ojú ìránṣọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ká a dáadáa, ó wọ yàrá wa, ó sì gbé e sórí àpótí ìyá mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, "Lọ wo adìẹ, kí òjò má pa wọ́n." Nígbà tí ìyá mi dé, ó rí ṣòkòtò náà lórí àpótí. Ó bi mí ẹni tó ká a, mo sọ fún un. Ó ṣí àpótí náà, ó tọ́jú ṣòkòtò náà sínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, mo rò pé ìyá mi ì bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n mo rò bẹ́ẹ̀. Àgbà ilé wa ní ọgbọ́n kan: ohun tí wọn ò bá fẹ́ fọwọ́ sí lójú gbogbo ènìyàn, tí wọn ò sì fẹ́ kọ̀, wọ́n máa ń gbójú sí ibòmíràn títí ẹni náà yóò fi ṣe é, tó bá sì ti pẹ́ tó, yóò di àṣà ilé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò fẹ́ kó dà bíi pé a fojú di ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ká ṣáà sọ fún wọn. Ọmọlúàbí kì í ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀." Ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Ìlọrà pé ìyàwó tó bá fẹ́ pẹ́ nílé ọkọ, kó máa tọrọ àyè kó tó gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí a fi kọ́ àwọn méjèèjì dáadáa ló gbé wọn lọ síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun. Bàbá Gbádé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, jókòó lórí àga onígi rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Ìyá Gbádé ń bó òronbó fún wọn, èèpo rẹ̀ ń gùn bọ̀ wálẹ̀ láìjá. Ìyá mi kúnlẹ̀, bàbá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá wa, Ìyá wa, iṣẹ́ tíṣà tí pásítọ̀ wá sọ lọ́jọ́sí ni. Mo fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ yín kí n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀."

Bàbá Gbádé ní, "Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Kẹ̀kẹ́ ilé yìí ni, Bàbá."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" Ìyá Gbádé ló gba ọ̀rọ̀ náà. "Ìyàwó! O fẹ́ gun ọkọ lẹ́yìn lójú títì, kí gbogbo Fìdítì máa wòran?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbádé ò ní í lọ́kàn láti ṣe é níbi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun rò pé tí àwọn bá ti rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Gbádé ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe pé mo kọ̀. Iṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Tí wọ́n bá rí ìyàwó Tíṣà lórí kẹ̀kẹ́, tí Tíṣà ń fẹsẹ̀ rìn, wọn ò ní í sọ pé obìnrin náà mọ̀wé. Wọ́n á ní ilé wa ò lè gbé ìyàwó." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà wo bàbá mi. "Tíṣà, mọ́tò tí o ní o máa rà, ìgbà wo ni?"

Òótọ́ ni pé bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ó ti bá mẹ́káníìkì kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, mọ́tò àlòkù kan tí òyìnbó kan fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní, "Tí Ọlọ́run bá fẹ́, Ìyá, kí ọdún tó parí."

"Ó ti dé nìyẹn. Ìyàwó mi, sún mọ́ mi." Ó gbé ọwọ́ lé ìyá mi lórí. "Ọlọ́run tó gbé ọ wá sílé yìí, mọ́tò ni yóò fi gbé ọ lọ síbi iṣẹ́."

"Àmín!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dáhùn.

"O ò ní í fi ẹsẹ̀ eruku wọ iwájú àwọn ọmọ."

"Àmín!"

"Àwọn tó bá rí ọ nínú mọ́tò ni yóò bá wa yọ̀."

"Àmín!"

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Àmín àkọ́kọ́ rẹ̀ ròkè bíi ti ẹnikẹ́ni. Èkejì rẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ nìkan ló mì.

Ẹni tí kò bá dàgbà nírú ilé wa lè béèrè pé kí ló wá dé. Ṣé wọ́n kọ̀ ni? Wọn ò kọ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn gbọ́ lọ́kàn mi, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé rárá. Àdúrà ni wọ́n gbà fún un, ó sì ṣe àmín. Ẹni tó bá ti ṣe àmín sí mọ́tò, tó wá gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì, ó ti sọ lójú gbogbo ayé pé àdúrà ìyá ọkọ òun ò ní í ṣẹ. Nínú yàrá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ní, "Ká ní sùúrù díẹ̀. Ṣé o ò rí i pé inú wọn dùn sí i? Mo máa bẹ̀ wọ́n tó bá yá." Ìyá mi ń tú gèlè rẹ̀. Ó ní, "Ká ní wọ́n kọ̀ ni, à bá bẹ̀ wọ́n. Báwo la ṣe máa bẹ ènìyàn kó gba àdúrà rẹ̀ padà?" Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó lọ sí pápá.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de mọ́tò. Mi ò rò pé inú ìyá mi bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Ọmọdé lè ṣì í rí, ṣùgbọ́n mo rántí pé ó nírètí. Bàbá mi lọ sí Ìbàdàn ju bó ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá dé, ó máa ń fi ọwọ́ júwe bí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò náà ṣe fẹ̀ tó. Àwa ọmọ ti pín in: èmi lójú fèrèsé, àbúrò mi láàárín. Bàbá Gbádé ní kí wọ́n gé ẹ̀ka òronbó tó yọ sójú ọ̀nà, kó má baà ha mọ́tò lára, wọ́n sì gé e. Nígbà tí òjò ń parí lọ lọ́dún náà, ìjì kan jà lọ́sàn-án gangan. Ó ṣí páànù apá ibi tí Ìyá Àgbà ń sùn, ó gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri tó mu omi sì wó lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó yẹ kó ṣe. Owó mọ́tò di páànù. Mi ò gbọ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀ kan lórí èyí, mi ò sì rò pé ó ní èyí tó fẹ́ sọ, nítorí ta ni yóò jẹ́ kí ìyá ọkọ òun sùn sínú òjò? Mọ́tò wa wà lórí ilé títí dòní. Tí mo bá lọ sílé tí òjò sì ń rọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi ń gbá iwájú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Ọ̀yọ́ gun kẹ̀kẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ wa, ó sọ̀, ó kí i. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi okùn di ìwé mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn ńkọ́? Èmi ni tíṣà tuntun tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Wọn ò rí obìnrin ni wọ́n fi mú mi." Ìyá mi gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ hàn án ibi tí yóò yà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ gùn, ìyá mi ní, "Dúró. Táyà ẹ̀yìn rẹ ti rọ̀, kò ní í gbé ọ débẹ̀." Ó ní kí n mú páńpù wá. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì ń fi páńpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà náà, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà wò títí ó fi le. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ mà mọ kẹ̀kẹ́ o, mà!" Ìyá mi ní, "A ní ọ̀kan nílé." Ó dúró wò ó títí eruku rẹ̀ fi wálẹ̀, ó wá mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kì í gbá ibi tí wọ́n ti gbá, ṣùgbọ́n ó tún ibẹ̀ gbá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé wáyé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí rẹ̀ ni mo fi ń kọ gbogbo èyí. Ìyá mi àti Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, èmi ń kó èyí tí wọ́n bó sínú omi. Ìyá Àgbà ní, "Ta ni ọmọkùnrin tó o fi páńpù fẹ́ táyà fún lọ́jọ́sí?"

"Tíṣà Akínmọ̀ọ́rìn ni, Ìyá."

Wọ́n tún bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi wá bi mí?"

Ìyá mi rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo wọn. Kí ló dé tó o fi bi mí?"

"Ẹ̀yin ni ìyá wa, Ìyá. Báwo ni mi ò ṣe ní í bi yín?"

"Mo ti ká ṣòkòtò rẹ fún ọ." Ó ju ẹ̀gẹ́ tó bó sínú omi, omi náà ta sí mi lójú. "Mo ti ká a fún ọ. Kí lo tún fẹ́ kí n wí? Tẹ́nìkan bá kúnlẹ̀ síwájú mi, tí ọmọ mi àgbà jókòó síbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ iyì ilé, kí lẹnu mi fẹ́ sọ? Àdúrà ni mo ní, mo fún ọ."

Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Mo rí i tó ń bó ẹ̀gẹ́ kan náà tó ti bó tán, ọ̀bẹ ń wọ inú funfun rẹ̀.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì mọ̀ pé ó rọrùn láti mú ẹnìkan lẹ́bi nínú irú ìtàn báyìí. Mo ti gbìyànjú. Ká sọ pé Bàbá Gbádé ni, iyì tó ń sọ kì í ṣe irọ́. Àwọn ènìyàn ì bá sọ̀rọ̀. Ká sọ pé Ìyá Àgbà ni, òun ló gba ìyá mi láyè kí ẹnikẹ́ni tó gbà á. Ká sọ pé bàbá mi ni, òun ló fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mi ò lè pe ìwà rere ní ẹ̀bi. Síbẹ̀, ohun tó dá mi lójú kò pọ̀: kẹ̀kẹ́ wà, ọ̀nà wà, obìnrin náà ti mọ̀ ọ́n gùn, iṣẹ́ náà sì ń dúró dè é. Ìyá mi ò tún kọ́ni mọ́ láyé rẹ̀, àfi àwọn ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó yan gàrí, ó ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn tó ń kọjá nínú mọ́tò, ó sì rán wa lọ sílé-ẹ̀kọ́. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, kò ra mọ́tò kankan. Nígbà kan tí mo wà nílé fún ìsinmi, tí èmi nìkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bọ́lá, èmi ni mo ní ká sọ fún wọn." Mo ní, "Ohun tó tọ́ lẹ ṣe, Bàbá." Ó mi orí, kì í ṣe bí ẹni tó gbà.

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, wọ́n gbé mi sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sílé. Ní Sátidé kan, mo yá kẹ̀kẹ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo sì gùn ún lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti máa ń wà lọ́kàn mi pé ọ̀nà náà jìn, pé ó ní láti jìn kí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yé ènìyàn. Mo kọjá láàárín oko ẹ̀gẹ́, mo kọjá odò, àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ kí mi, kò sì yà wọ́n lẹ́nu pé obìnrin wà lórí kẹ̀kẹ́. Kó tó rẹ̀ mí, mo rí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo sọ̀, mo dúró sábẹ́ igi kan níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo sì yí padà.

Nírọ̀lẹ́, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa á, mo wá sọ fún un ibi tí mo lọ. Kò gbójú sókè. Ó yọ òkúta kan sọnù.

Ó ní, "Òkè tó wà lẹ́yìn odò yẹn ńkọ́? Ṣé o sọ̀ kalẹ̀ tì í ni?"

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò gbọ́ kó dárúkọ òkè yẹn rí.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Mo gùn ún títí mo fi dé orí rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀wà náà káàkiri inú àwo, ó wò ó pẹ́.

"Èmi náà," ó ní, "mi ò bá tí sọ̀."